Òróró ewé fún eégbọn ara màlúù: òdiwọ̀n rẹ̀, àṣìṣe inú rẹ̀, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Olùsìn màlúù, Ìsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Òjò ti ń rọ̀, eégbọn ti gorí ẹran. Oògùn tí à ń pò sínú pọ́ǹpù kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n mọ́. Wọ́n ní òróró koríko ọba, ti ẹfinrin àti ti kànáfùrù ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mílílítà mélòó nínú omi mélòó? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó dáhùn o, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà ọjà.

Dókítà ẹran, Ṣakí

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ wo eégbọn náà dáadáa kí ẹ tó náwó sí òróró kankan, torí oríṣi méjì ló ń dààmú màlúù jù lágbègbè wa, ìṣe wọn ò sì jọra.

Èyí tó tóbi, tí ẹ̀yìn akọ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó gbó, tí òrùka funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ni Amblyomma variegatum. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó ń wọ inú awọ lọ jìnnà. Ojú ibi tó bù jẹ ló máa ń di egbò lára ọmú àti láàárín pátákò. Àìsàn awọ tí àwọn darandaran ń pè ní kirci náà máa ń bá a rìn. Ẹran mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn láti ìgbà tó bá ti pa títí tó fi dàgbà, abo kan sì lè yé ẹyin tó 20,000.

Èyí tó kéré ni Rhipicephalus microplus. Lára màlúù kan ṣoṣo ló ti ń gbé ìgbà èwe àti ìgbà àgbà rẹ̀, láàárín nǹkan bí ọjọ́ 21, kó tó já bọ́ lọ yé ẹyin bíi 2,000 sí 3,000 sínú koríko. Àlejò ni. Màlúù Girolando tí wọ́n kó láti Brazil wá sí oko Kpinnou, lórílẹ̀-èdè Benin, ní nǹkan bí ọdún 2004, ni wọ́n ń tọ́ka sí pé ó gbé e wọlé síbẹ̀. Ó ti dé Nàìjíríà náà báyìí. Òun ló yára jù láti di ẹni tí oògùn ò ràn, pàápàá irú oògùn bíi cypermethrin àti deltamethrin.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ pé oògùn ò ràn wọ́n, ẹ yẹ ara yín wò. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni a ti fi ìdérí ìgò wọn oògùn, tí a wá bu omi kún un kó lè kárí gbogbo agbo? Oògùn tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń kọ́ eégbọn bí wọ́n ṣe ń gbà á mọ́ra.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa òróró ewé ni pé kì í pẹ́ lára ẹran. Ó ń fò lọ sáfẹ́fẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbóòórùn rẹ̀. Oògùn ọjà lè ṣọ́ ẹran fún ọjọ́ mélòó kan. Òróró ewé, wákàtí ni ẹ ó máa kà. Ẹ ó ní láti máa fi í sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, kó lè máa bá ọmọ eégbọn tuntun kí wọ́n tó yó.

Ẹni tó ń fi ooru omi fún òróró, Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó kí inú tó dùn jù. Bí ẹ bá fi koríko ọba tútù 100 kílò sínú ìkòkò, òróró tó máa jáde kì í ju bíi gíráàmù 200 sí 500 lọ. Ẹ jẹ́ ká mú 300. Màlúù àgbà kan ń gba nǹkan bíi lítà 4 kó tó lè rin gbingbin láti orí dé ẹsẹ̀. Bí ẹ bá pò ó ní ìdá 2 nínú 100, mílílítà 80 òróró ló lọ sára ẹran kan. Ìyẹn jẹ́ bíi kílò 24 koríko tútù, fún màlúù kan, lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi òróró ewé wẹ màlúù, ó fẹ́ ta òróró ni.

Ibi tí eégbọn ń gbé ni kí ẹ fi í sí: abíyá, abẹ́ itan, ìdí ọmú, abẹ́ ìrù, inú etí, awọ tó rọ̀ lábẹ́ ọrùn, àárín pátákò. Mílílítà 150 sí 200 àpòpọ̀ tó fún gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, òróró mílílítà 10 péré nìyẹn, bíi kílò 3 koríko. Èyí ṣeé ṣe.

Tí ẹ bá fẹ́ fún un fúnra yín: ẹ jẹ́ kí koríko rọ díẹ̀ lábẹ́ ìbòòji, ẹ gé e kéékèèké, ẹ tò ó sórí àgbékà tó ní ihò kó má kan omi. Omi tó bá ń hó kan ewé, á sè é bí ọbẹ̀, òróró á di òórùn iná. Omi tútù gbọ́dọ̀ máa ṣàn yí páìpù ìtutù, èyí tí èéfín ìkòkò ń gbà jáde, ká láìdúró. Bí páìpù bá gbóná mọ́ ọwọ́ ní ìsàlẹ̀ níbi tí omi ti ń kán, òróró yín ń bá èéfín lọ nìyẹn. Ẹ ní sùúrù títí ìṣẹ́jú 90 ó kéré tán.

Àwọn tó ń fún kànáfùrù máa ń ṣe àṣìṣe kan: wọ́n ń wá òróró lókè omi. Òróró koríko ọba fúyẹ́, ó ń léfòó. Ti kànáfùrù wúwo ju omi lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rì sí. Ọ̀pọ̀ ló ti da òróró gidi nù pẹ̀lú omi ìsàlẹ̀.

Ẹfinrin kò rí bákan náà níbi gbogbo. Èròjà tó ń jẹ́ thymol ló pọ̀ nínú òróró òmíràn, èyí tó ń jẹ́ eugenol ló pọ̀ nínú ti òmíràn, bí igi méjèèjì tilẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹ má gba òdiwọ̀n ẹlòmíràn lórí ẹfinrin láì kọ́kọ́ dán tiyín wò.

Fún ẹni tó ń rà: ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òróró ìtasánsán gidi, ìyẹn òróró ewé tó ń fò lọ yìí, á fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Bó bá fi àmì ọ̀rá róbótó sílẹ̀, wọ́n ti fi òróró ẹ̀pà lù ú.

Olùsìn màlúù, Ìsẹ́yìn

Kílò 24 koríko fún màlúù kan! Kí ni màlúù fúnra rẹ̀ á wá jẹ? Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá bá wa ṣàlàyé bí a ṣe ń pò ó.

Dókítà ẹran, Ṣakí

Fún lítà 1: òróró koríko ọba mílílítà 50, Tween 80 mílílítà 50, omi mílílítà 900. Tween 80 ló ń mú kí òróró pò mọ́ omi; òun ni àwọn tó ń ta kẹ́míkà ń pè ní polysorbate 80. Ó ń ki bí oyin tó yọ́. Síríńjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú.

Bí ẹ ṣe to iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Òróró àti Tween ni kí ẹ kọ́kọ́ rò pọ̀ nínú ife gbígbẹ títí yóò fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa pò ó. Ó yẹ kó funfun bí wàrà. Ẹni tó bá da òróró sínú omi kó tó wá Tween kiri, òróró á dúró lókè bí ọ̀rá ọbẹ̀: ẹran àkọ́kọ́ á gba omi lásán, ẹran ìkẹyìn á gba òróró pọ́nbélé, awọ rẹ̀ á sì bó. Ẹ mì í kí ẹ tó lọ sórí ẹran kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ sun ilé. Ohun tí ẹ máa lò lónìí ni kí ẹ pò lónìí.

Ọṣẹ dúdú kọ́ ni kí ẹ fi rọ́pò Tween. Eérú inú rẹ̀ ń ta ojú egbò eégbọn bí ata.

Kànáfùrù kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 lọ, ẹfinrin náà bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ń jó awọ, pàápàá awọ ọmú. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ lẹ́yìn èjìká ẹran kan, ẹ wò ó lẹ́yìn wákàtí 24. Bó bá wú, tàbí tó pọ́n, ẹ dín òróró inú àpòpọ̀ kù sí ìlàjì. Ẹ má fi sójú, ẹ má fi sí ojú egbò. Ẹ yọ ọmọ màlúù tuntun sílẹ̀ pátápátá: òórùn ni ìyá fi ń mọ ọmọ rẹ̀.

Ìgò ìfọ́nmi tí àwọn onídìrí ń lò ló dára jù fún abíyá àti abẹ́ ìrù. Fún àárín pátákò, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì kékeré.

Ará Ṣábẹ̀, Benin

Mo fẹ́ fi kún un lórí àdín. Ẹni tí kò bá rí Tween lè po òróró mílílítà 50 mọ́ àdín mílílítà 950. Àdín ń dá òróró dúró, kì í jẹ́ kó tètè fò lọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara eégbọn. Nígbà ọyẹ́, á dì nínú ìgò; ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má gbé e ka iná. Àbùkù rẹ̀ ni pé eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Dongoyárò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń kà á mọ́ òróró ìtasánsán, kò sí lára wọn. Òróró inú kóró rẹ̀ kì í fò lọ, ọ̀rá ni. Kì í pa eégbọn lójú ẹsẹ̀. Ó ń dí i lọ́wọ́ láti bọ́ awọ, ó sì ń mú kí ẹyin rẹ̀ má pa dáadáa. Nítorí náà, ẹni tó fi í pa ẹran ní àárọ̀ tó wá ń wá òkú eégbọn nírọ̀lẹ́ á sọ pé irọ́ ni. Ewé rẹ̀ tí à ń sè kò lágbára tó kóró. Oòrùn sì ń ba oje rẹ̀ jẹ́ kíákíá.

Ní tèmi o, òwúrọ̀ ni kí ẹ máa fi òróró ìtasánsán sára ẹran, kí wọ́n tó jáde lọ jẹko, torí pé lílé ló mọ̀ ju pípa lọ. Inú koríko ni eégbọn ti ń gun ẹran.

Dókítà ẹran, Ṣakí

Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ìrì òwúrọ̀ á fọ ti ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn dànù, oòrùn ọ̀sán á sì kó ìyókù. Ìrọ̀lẹ́ ni mo fara mọ́, nígbà tí ẹran bá ti wọ ọgbà tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, torí àwọn tó ti so mọ́ ara ni mo fẹ́ pa. Bó bá jẹ́ pé lílé nìkan lẹ ń wá, ẹ dúró dìgbà tí ìrì bá gbẹ.

Olùsìn màlúù oníwàrà, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin tó ń fún wàrà, lẹ́yìn fífún ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe ṣáájú. Wàrà ń gba òórùn bí òwú ṣe ń gba omi. Ẹ má kan orí ọmú rárá, ìdí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ pa, kí ẹ sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọmú kí ẹ tó tún fún un lọ́jọ́ kejì. Ẹ má gbé òróró sínú yàrá tí agbada wàrà wà.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò ara ẹran, Ìlọrin

Ẹ ń gbọ́ pé òróró kan pa gbogbo eégbọn nínú àyẹ̀wò. Inú àwo tí a dé lórí ni. Èéfín òróró kò ríbi lọ níbẹ̀, ó sé wọn mọ́. Lára màlúù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, irun ń gbé e dúró lókè awọ, eégbọn sì ti ki orí bọ inú awọ. Ẹ má retí pé iye tó ṣẹlẹ̀ nínú àwo á ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà.

Ẹ lè dán tiyín wò láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹ ṣa abo eégbọn 20 tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó lára àwọn ẹran, ọjọ́ kan náà, tí wọ́n tóbi bákan náà. Ẹ ri 10 sínú àpòpọ̀ òróró fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ ri 10 yòókù sínú omi àti Tween nìkan. Èyí kejì yìí ni àwọn èèyàn kì í ṣe, bẹ́ẹ̀ òun ló máa sọ bóyá òróró ló ṣiṣẹ́ tàbí Tween. Ẹ fi bébà nù wọ́n gbẹ, ẹ kó wọn sínú ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ní ihò wínníwínní, ẹ gbé wọn síbi tó ṣókùnkùn tó sì tutù díẹ̀, pẹ̀lú òwú tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ wo ẹyin lẹ́yìn ọjọ́ 14. Eégbọn tí kò kú àmọ́ tí kò yé, iṣẹ́ ti ṣe lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ da omi híhó sí gbogbo wọn, kí ẹ má lọ fi ọwọ́ ara yín sin eégbọn.

Lára ẹran, ẹ ka eégbọn apá kan ara nìkan, ẹran 5, ṣáájú, lọ́jọ́ 3 àti lọ́jọ́ 7. Ẹ fi ẹran 2 sílẹ̀ láìfi òróró sí wọn.

Ará Ṣábẹ̀, Benin

Ṣíṣà ńkọ́? Àwọn Amblyomma tó tóbi, ẹ fi ẹ̀mú mú wọn sún mọ́ awọ, ẹ fà wọ́n jáde tààrà, ẹ jù wọ́n sínú omi ọṣẹ. Ẹ má fi iná jó wọn, ẹ má sì máa da òróró lé wọn lórí kí ẹ máa dúró pé wọ́n á já bọ́. Bí orí bá kù sínú awọ, egbò dé nìyẹn. Adìẹ náà ń bá ni ṣà wọ́n lára ẹran tó bá dùbúlẹ̀. Ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nìkan ni adìẹ kì í já.

Olùsìn màlúù, Ìsẹ́yìn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ṣé mo lè fi pọ́ǹpù àgbékọ́ tí mo fi ń fọ́n oògùn koríko lóko ẹ̀gẹ́ fọ́n ọn, bí mo bá fọ̀ ọ́ dáadáa?

Dókítà ẹran, Ṣakí

Rárá o. Oògùn koríko máa ń wà nínú rọ́bà àti ọ̀nà ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá rò pé ó ti mọ́, òróró ìtasánsán á sì yọ́ ọ jáde sára ẹran. Òróró yìí tún ń mú kí rọ́bà inú pọ́ǹpù wú, á máa jò. Ẹ má po òróró mọ́ oògùn eégbọn ọjà náà: ó lè mú kí oògùn wọ ara ẹran ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgò onídìrí méjì, síríńjì kan, ìbọ̀wọ́. Ẹ kọ orúkọ òróró àti ọjọ́ tí ẹ rà á sára ìgò dúdú onígíláàsì, ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò dé. Bí màlúù bá sì ń tọ ìtọ̀ pupa, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná tí kò jẹun, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Eégbọn ti kó àìsàn sí i lára, òróró ò kan ìyẹn mọ́.