Báwo ni mo ṣe lè yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíi ti àwọn ará Vietnam nílé, tí kò fi ní jó?

Màmá Ìretí (Houston)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Alief ni à ń gbé, ní Houston níbí. Àwa ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ará Vietnam la jọ kún àdúgbò yìí, ẹ ò sì ní rin Bellaire Boulevard jìnnà kí òórùn ẹran yíyan wọn tó dá yín dúró. Cơm tấm ni wọ́n ń pe oúnjẹ tí mò ń sọ: ìrẹsì tó fọ́ wẹ́wẹ́, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ eléegun tí wọ́n yan lé e lórí, ẹyin díndín, apálá tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti omi ọbẹ̀ kan tó dùn, tó kan, tó sì níyọ̀. Ọkọ mi àtàwọn ọmọ kì í jẹ́ kí n sinmi lórí ẹ̀, owó rẹ̀ sì ti ń wọ̀ mí lọ́rùn. Mo fẹ́ máa ṣe é nílé.

Irú ẹran wo ni kí n rà? Kí ni kí n fi rẹ ẹ́, fún wákàtí mélòó? Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni ṣúgà àti oyin tó wà nínú èròjà rẹ̀: báwo ni kò ṣe ní jó kí inú tó jinná? Fúláàtì là ń gbé, wọn ò gbà ká dáná èédú ní bákónì. Ẹ jọ̀ọ́, àlejò ń bọ̀ wá kí wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bọ̀dá Délé (London)

Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o. Mo bá ìyá kan tó jẹ́ ará Vietnam ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní Deptford níbí, ẹran yìí gan-an sì ni iṣẹ́ òwúrọ̀ mi. Ohun àkọ́kọ́ tí màá sọ ni pé má ra ẹran tó nípọn. Èyí tí wọ́n ń gé tó ínṣì kan yẹn kò wúlò fún oúnjẹ yìí. Wá èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tí eegun wà lára rẹ̀, tí ọ̀rá díẹ̀ sì yí etí rẹ̀ ká. Nínú ọjà àwọn ará Éṣíà lágbègbè yín, wọ́n máa ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀. Bí ẹran bá fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ á ti jinná kí ṣúgà tó ráyè jó. Ìdáhùn sí ohun tó ń kọ ọ́ lóminú nìyẹn, kò sí nínú èròjà rárá.

Kí o tó fi èròjà kàn án, fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lù ú jákèjádò, lójú méjèèjì. Má lù ú ya o, kó sáà rọ̀ ni. Lẹ́yìn náà, fi ẹnu ọ̀bẹ la ọ̀rá etí rẹ̀ níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí o kò bá là á, tí iná bá ti rà á báyìí, ọ̀rá yẹn á sún kì, ẹran á ká sókè, àárín rẹ̀ kò sì ní kan wáyà mọ́.

Fún ẹran kílò kan: nước mắm, ìyẹn omi ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta; ṣúgà ṣíbí mẹ́ta; oyin kan; oyster sauce, ìyẹn ọbẹ̀ dúdú tó ki tí wọ́n ń tà nínú ìgò, kan; òróró méjì; aáyù bíi ẹyọ márùn-ún; àlùbọ́sà pupa kéékèèké mẹ́ta; koríko ọba tí a gé wẹ́wẹ́, bíi ṣíbí mẹ́ta; ata dúdú lílọ̀, ṣíbí tíì kan. Má fi iyọ̀ sí i, má sì fi Maggi sí i. Omi ẹja yẹn nìkan ti tó. Wákàtí méjì sí mẹ́rin nínú fíríìjì, ó ti parí.

Àǹtí Fúnkẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Délé. Màmá Ìretí, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ koríko ọba, torí ẹ̀yìnkùlé mi ló wà, ewé tíì tí a fi ń se àgbo ibà náà ni. Ewé rẹ̀ là ń lò fún àgbo, àmọ́ ewé kọ́ lẹ máa lò fún ẹran yìí o. Ìdí rẹ̀ ni, ibi tó funfun, tó sún mọ́ gbòǹgbò. Ẹ bó èèpo òde tó le dànù títí ẹ ó fi kan èyí tó rọ̀. Ẹ gé e ní òbírí òbírí, ẹ wá kó o sínú odó kékeré pẹ̀lú aáyù àti àlùbọ́sà, kí ẹ gún un títí tí kò fi sí okùn mọ́. Bí ẹ bá kàn gé e lásán, á máa há sáàárín eyín. Tèmi tí mò ń gbìn nílé kì í tóbi nídìí bíi ti inú ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà mo máa ń ká púpọ̀ sí i.

Òórùn nước mắm ló kọ́kọ́ lé mi sẹ́yìn nígbà tí mo ṣí ìgò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Irú náà ń rùn kó tó wọ ọbẹ̀.

Ṣẹ́gun

Ẹ kú àlàyé o. Mo gbé Saigon, ní Vietnam lọ́hùn-ún, rí, mo ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ gan-an sì ni orírun cơm tấm. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, Bọ̀dá Délé, wákàtí méjì kò tó lójú tèmi. Obìnrin tí mo ń ra tirẹ̀ jẹ ní òwúrọ̀ máa ń rẹ ẹran mọ́jú ni. Ó sì máa ń da mílíìkì inú agolo tó dùn, tó ki, ṣíbí kan sí i. Òun ló ń jẹ́ kí ẹran pọ́n, kó sì rọ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, èédú níwájú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, á sì máa yí ẹran náà láìdáwọ́ dúró. Kì í fi í sílẹ̀ sójú kan kó lọ jókòó.

Màmá Ìretí, tí ẹ bá fẹ́ ra nước mắm, ẹ wo ẹ̀yìn ìgò. Ẹja àti iyọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí. Ti erékùṣù Phú Quốc lókìkí jù: inú àgbá onígi ńláńlá ni wọ́n ń kó ẹja kéékèèké àti iyọ̀ sí fún nǹkan bí ọdún kan. Ẹ fi èyí tó wọ́n pamọ́ fún omi ọbẹ̀ tẹ́ ẹ máa dà sórí ìrẹsì, ẹ lo èyí tí kò wọ́n fún rírẹ ẹran.

Omi ọbẹ̀ náà nìyí: nước mắm ṣíbí kan, ṣúgà kan, omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ po ṣúgà kó yòrò tán kẹ́ ẹ tó gé aáyù àti ata sí i, kí wọ́n lè léfòó lójú rẹ̀. Ní Saigon, wọ́n máa ń jẹ́ kó dùn díẹ̀ sí i.

Ẹ má sì gbàgbé mỡ hành. Ẹ gé àlùbọ́sà eléwé wẹ́wẹ́ sínú abọ́, ẹ fún iyọ̀ àti ṣúgà bíńtín sí i, ẹ wá da òróró gbígbóná lé e kó hó ṣàà. Òun lẹ máa bù sórí ẹran tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lórí iná. Láìsí i, cơm tấm kò tíì pé.

Bọ̀dá Délé (London)

Ṣẹ́gun, o ò jẹ̀bi. Mọ́jú dára, àmọ́ kó má kọjá bẹ́ẹ̀, torí iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ara ẹran jáde. Ti mílíìkì yẹn, tó bá fi í sí i, kó yọ oyin kúrò.

Ìyá Múìnátù (Ìlọrin)

Àwa tí a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?

Ṣẹ́gun

Ìyá wa, itan adìẹ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ yọ eegun rẹ̀, kẹ́ ẹ là á kó fẹ̀. Èròjà kan náà ni. Wọ́n ń tà á bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí adìẹ jinná dáadáa ju ẹlẹ́dẹ̀ lọ.

Màmá Àkànkẹ́ (Porto-Novo)

Ìrẹsì tó fọ́ yẹn, ẹ má fi ìrẹsì gígùn rọ́pò rẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i rà. Nígbà kan, èyí tó bá fọ́ nínú ẹ̀rọ ni àwọn àgbẹ̀ Vietnam ń jẹ, wọ́n á ta odidi. Àwọn Faransé máa ń kó o láti Indochina, ìyẹn Vietnam, Laos àti Cambodia, wá sí Dakar láyé ìjọba wọn, òun sì ni àwọn ará Senegal fi ń se thiéboudienne, oúnjẹ ìrẹsì àti ẹja wọn, títí di òní. Omi díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sè é, torí kì í pẹ́ kó tó di ẹ̀kọ.

Màmá Ìretí (Houston)

Ọlọ́run á bù kún yín o, gbogbo yín. Ó ku ọ̀rọ̀ iná: ófùn ni àbí páànù?

Bọ̀dá Délé (London)

Ófùn, kí o tan iná òkè nìkan. Nu èròjà kúrò lára ẹran kó tó wọlé. Koríko ọba àti aáyù ló máa ń kọ́kọ́ dúdú, kì í ṣe ẹran. Gbé e sórí wáyà, kí páànù tí o tẹ́ fọ́ìlì sí wà lábẹ́, da omi díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ọ̀rá tó bá ń kán má rú èéfín sí yín nínú fúláàtì. Jẹ́ kó jìnnà sí iná tó ínṣì mẹ́fà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún lójú kan, yí i, bákan náà lójú kejì. Ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni kí o tó fi búrọ́ọ̀ṣì kun oyin tí o pò mọ́ òróró sí i, má sì kúrò níwájú ófùn nígbà yẹn. Bí o bá ní ohun tí a fi ń wọn ìgbóná ẹran, 145 ní ti Fahrenheit, yọ ọ́, kó sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta kí o tó gé e.

Màmá Ìretí (Houston)

Omi èròjà tó bá ṣẹ́ kù nínú abọ́, ṣé mo lè dà á sórí ìrẹsì?

Àǹtí Fúnkẹ́ (Ìbàdàn)

Rárá o! Ẹran tútù ti wà nínú rẹ̀. Ẹ dà á nù, tàbí kẹ́ ẹ sè é kó hó dáadáa kẹ́ ẹ tó fi kun ẹran tó wà lórí iná.