Ẹsẹ̀ mi ń wú nínú oyún ọ̀sẹ̀ 31, kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́, Ìbàdàn
Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Oyún àkọ́kọ́ mi nìyí, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 31, iṣẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo sì ń ṣe. Láti aago 8 òwúrọ̀ ni mo ti máa ń dúró níwájú pátákó, nígbà tí yóò bá sì fi di ìrọ̀lẹ́, kókósẹ̀ mi méjèèjì kì í hàn mọ́. Awọ ẹsẹ̀ á máa dán, ojú ibi tí okùn sálúbàtà gbà kọjá á sì jinlẹ̀ bí ìgbà tí a fi okùn di ẹrù. Bàtà 39 tí mo ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbà mí mọ́. Ìyá ọkọ mi ní ìbejì ni ó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ni àyẹ̀wò fi hàn. Aládùúgbò wa kan sì ní kí n dín omi mímu kù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìyá Aláṣọ, Abẹ́òkúta
Ọmọ mi, àfọ̀n á gbó kí ó tó wọ̀. Ìdí àdìrẹ ní Ìtòkú ni mo ti gbé oyún mẹ́ta, ẹsẹ̀ mi sì wú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpótí kékeré kan ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé bí oníbàárà kò bá sí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ẹsẹ̀ lè gùn sí i. Bàtà 38 ni mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àkọ́bí mi, bàtà 39 ni ó tó mi, kò sì padà títí di òní. Má ṣe fi ipá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí ó ti kéré.

Agbẹ̀bí
Àbúrò mi, ẹ̀jẹ̀ inú ara aboyún máa ń pọ̀ sí i, ó lè fi bí ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ilé ọmọ tí ó ń tóbi sì máa ń tẹ iṣan ńlá tí ń dá ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ padà sí ọkàn, nítorí náà ni omi ṣe máa ń jò sínú ẹran ara, tí yóò sì sọ̀ sí ìsàlẹ̀. Apá ọ̀tún ni iṣan yẹn wà, ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí aboyún fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Òótọ́ ni ohun tí Ìyá Aláṣọ sọ: họ́mọ̀nù tí ń dẹ ìsopọ̀ egungun ìbàdí kí ọmọ lè rí ọ̀nà gbà, ó ń dẹ ti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú, ìwúwo oyún á sì tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ náà pẹlẹbẹ.

Má dín omi kù rárá, nítorí òùngbẹ kì í mú wíwú lọ. Máa jókòó kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí ó bá ṣe é ṣe, kí o sì máa yí kókósẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn: ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ni, àbí ọ̀kan ṣoṣo ni ó wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń dùn ọ́? Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan. Ṣé ọwọ́ àti ojú náà ń wú? Ìgbà wo ni wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ kẹ́yìn?

Olùkọ́, Ìbàdàn
Ẹ ṣeun mà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo fi ọṣẹ bọ́ òrùka ìgbéyàwó mi, ọkọ mi sì ní ojú mi ń wú bí mo bá jí. Orí ń fọ́ mi láti àná, mo rò pé ariwo kíláàsì ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n wọ̀n mí kẹ́yìn.

Agbẹ̀bí
Má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ, lónìí ni kí o lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, bí ìfúnpá bá dé 140/90, tí purotéènì sì wà nínú ìtọ̀, ó lè di gìrì, ó sì lè gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ. Ojú àti ọwọ́ tí ó ṣàdéédé wú, pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, kì í ṣe ti ìdúró pẹ́. Bí ojú rẹ bá ń ṣe bàìbàì, tàbí tí òkè ikùn ń dùn ọ́ lábẹ́ ìhà, sọ ọ́ fún wọn kíákíá.

Bàbá kan, Òṣogbo
Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá yín padà láì wọn ìfúnpá. Níbi tí èmi àti ìyàwó mi kọ́kọ́ lọ, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jinlẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ti aboyún ṣe ń rí. Òru ọjọ́ náà ni gìrì mú un. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate, tí ń dá gìrì dúró, ni wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn kejì, kí wọ́n tó fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ. Àwọn méjèèjì yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Olùkọ́, Ìbàdàn
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ilé ìwòsàn ni mo wà. Ìfúnpá mi jẹ́ 150/96, purotéènì sì wà nínú ìtọ̀ mi. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n ti fún mi ní oògùn, wọ́n sì ní ọkàn ọmọ ń lù dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo fi dùbúlẹ̀ tí mo fi ń kọ èyí. Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí, wọ́n gbé sálúbàtà 41 tuntun kan lé itan, wọ́n sì ń tú okùn rẹ̀ kí ó lè fẹ̀.