Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì tó ń tọ́jú arúgbó ní UK, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìkọ̀lé, Adó-Èkìtì: Èkìtì kete! Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Físà ti jáde. Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń lọ ní Yorkshire. Mo yege nínú ìdánwò gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ wọ́n ní èdè ẹnu àwọn àgbà ibẹ̀ kò sí nínú ìwé. Èwo ló yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó wọ bàálù?

Ìyá Ìbejì, Leeds: O kú oríire, àbúrò. "Sick" ni kó o kọ́kọ́ mú. Nílé, ẹni tí ibà ń ṣe á ní òun "sick". Níbí, bí màmá kan bá ní "I've been sick", èébì ló bì. Béèrè iye ìgbà tó bì, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìwọ náà bá pe ọ̀gá ẹ láàárọ̀ pé o "sick", ó lè rò pé ò ń bì, á sì ní kó o jókòó sílé títí wákàtí 48 á fi kọjá lẹ́yìn tí èébì bá dá, kó o má bàa kó àrùn ran àwọn aláìsàn. Bó bá jẹ́ orí ló ń fọ́ ẹ, sọ pé orí ni. Ara tí kò yá lásán, "poorly" ni wọ́n ń pè é. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, "sick" tún lè jẹ́ ohun tó dára gan-an. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.

Oúnjẹ ló kàn. Ní àríwá England, "tea" lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà ni oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, "dinner" sì lè jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán. Bí bàbá kan bá ní lẹ́yìn "tea" lòun ń lo oògùn, má gbé e fún un láago mẹ́ta torí pé ó mu tíì tán. Aago tó wà nínú ìwé oògùn rẹ̀ ni kó o tẹ̀ lé.

Bó bá ní òun fẹ́ "spend a penny", tètè dìde, ó fẹ́ tọ̀ ni. Láyé àtijọ́, kọ́bọ̀ wọn kan ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta. "Waterworks" náà, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni. "Bunged up" lè jẹ́ pé ìgbẹ́ há, ó sì lè jẹ́ pé imú dí. Ojú ń tì wọ́n láti dárúkọ ẹ̀, bí àwọn àgbà wa ṣe ń ní àwọn fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀gbọ́n Ìjerò, Derby: "You all right?" níbí, "Ṣé àlàáfíà ni?" ni. Má fajú ro bí ẹni tí wọ́n bi bóyá orí ẹ̀ pé. Dáhùn, kó o máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́dọ̀ wa, "duck" ni wọ́n á máa pè ẹ́. Ní Yorkshire, "love" ni, wọ́n sì ń pe obìnrin ní "hen" ní Glasgow. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Má ṣáà fi pe ọ̀gá ẹ.

Ọmọ Ùyìn, Glasgow: Ẹ má bínú o, èyí tó wà lẹ́nu tiwa gan-an ló ń kọ mí lóminú. Bí a bá ń jáde nínú yàrá, "I'm coming" là ń wí, torí "mò ń bọ̀" ló wà lọ́kàn wa. Arúgbó náà á rí i pé ò ń lọ, o sì ní ò ń bọ̀. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń rá, ẹ̀rù á bà á. "I'll be back in five minutes" ni kó o wí, kó o sì padà lóòótọ́. Má sì ní kí ẹnikẹ́ni "flash" ẹ lórí fóònù! Kéèyàn ṣíhòòhò han ẹlòmíràn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí mi ò bá wá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ńkọ́? Kí wọ́n má rò pé mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Béèrè. "Can you show me where?" Ẹni tó bá ní "me tummy's off" á fọwọ́ kan ibẹ̀. Nínú ìwé ìtọ́jú, kọ ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an sáàárín àmì àyọlò, kó o tó kọ ohun tí ojú ẹ rí. Ẹni tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ á mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn àti èyí tó jẹ́ tìẹ. Bí wọ́n bá sì ní kó o wá ní "half seven", aago méje ààbọ̀ ni. Ìlú wo gan-an ni ní Yorkshire? Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Hull yàtọ̀ sí ti Bradford.