Ìbẹ̀rù ìṣẹ́ ti lọ, ìtara náà bá a lọ

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági. Ọjọ́ tí láńlọ́ọ̀dù kó ẹrù wa síta ní Mọ́kọ́lá, tí ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi dojú dé sínú gọ́tà, ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ 2,000 lójoojúmọ́, alájọ á yọ tọjọ́ kan tiẹ̀ lópin oṣù, mi ò ní fọwọ́ kan ìyókù, wọ́n tiẹ̀ ń pè mí láhun (kò kàn mí o). Mo ti wá ra púlọ́ọ̀tì kan ní Mọ́níyà báyìí, ara wá dẹ̀ mí, oṣù tó kọjá aṣọ ẹbí mẹ́ta ni mo fowó àjọ rà! Ẹ̀yin tí ìyà ò lé mọ́, kí ló ṣì ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa tọ́jú owó?