Ẹ̀wà àgànyìn mi ò rọ̀ nílùú òyìnbó, ẹ gbà mí o

Ọmọ Àgbádárìgì, Lọ́ńdọ̀n:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Aago mẹ́rin ni mo ti gbé ẹ̀wà kaná, aago méje ti lù báyìí ó ṣì le bí òkúta wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà olóyin kan náà ni màmá mi ń sè nílé tí arúgbó tí ò léyín á jẹ tí á tún bèèrè sí i. Ata ẹ̀ gan-an, pupa fòò, kò dúdú, kò ta sánsán. Kí ni mò ń ṣe?

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀n:
Àbúrò, wo inú kẹ́tùlù ẹ, ṣé o rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹfun? Òun náà ló ń bá ẹ jà. Omi Lọ́ńdọ̀n yìí, calcium ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, òun ló ń di èèpo ẹ̀wà mú gírígírí tí kò fi tètè rọ̀. Rẹ ẹ́ mọ́jú, da omi yẹn nù, kó o wá fi béékìn sódà sí i nígbà tó o bá ń sè é, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú ti tó. Kánún tí àwọn ìyá wa ń jù sí i, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Má fi pọ̀ jàre, mo fi pọ̀ lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ní ṣé mo fọ abọ́ sínú ẹ̀ ni.

Bàbá Ìkòròdú, Denver:
Ti yín ṣì dáa. Ìlú tèmi yìí ga tó nǹkan bíi mítà 1,600 ju òkun lọ, omi ò dúró de 100°C kó tó hó, ní bíi 95 ló ti ń hó. Omi ń pariwo, ẹ̀wà ń sùn. Pressure pot ló gbà mí, ooru inú ẹ̀ lè dé nǹkan bíi 120. Ẹ má sì tètè da tòmátì sí i o, kíkan ẹ̀ kì í jẹ́ kó rọ̀.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ata wá ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́, Manchester:
Omi tiwa níbí, calcium ò pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ̀wà kì í dà mí láàmú, ata yẹn ni mo lè bá ẹ sọ torí iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe. Ó dá mi lójú pé o tètè da ata sí àlùbọ́sà. Nǹkan tó ń mú un pọ́n tó ń ta sánsán yẹn, ará Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1912, ṣúgà àti purotéènì inú oúnjẹ ló ń bára wọn ṣiṣẹ́ nínú ooru, tí ooru bá sì ti dé bíi 140°C ló máa ń yá kíákíá. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lára àlùbọ́sà, kò ní jẹ́ kó kọjá 100 lọ títí. Rọra dín in, ní sùúrù. Kó o sì ṣí fèrèsé kó o tó yọ́ epo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ èéfín yẹn á ké dé ọ̀dọ̀ panápaná.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Ẹ wá gbọ́ o. Lánàá mo tún un ṣe, mo pe màmá mi lórí fídíò kí wọ́n máa bá mi wò ó. Wọ́n ní kí n gbé fóònù ti ìkòkò, wọn ò tiẹ̀ wo nǹkan kan, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń já. Mo ní màmá ó ti pọ́n, wọ́n ní "ó ṣì ń sọ̀rọ̀". Mo dúró. Mo tún ní ó ti pọ́n, wọ́n ní ṣé etí mi di ni. Ó pẹ́ díẹ̀ ariwo ṣàà yẹn wálẹ̀, ó wá ku kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ẹni ń fẹsẹ̀ tẹ ewé gbígbẹ, wọ́n ní "ó ti dákẹ́, da ata ẹ sí i". Nígbà tí mo yọjú wo àlùbọ́sà, ó ti dúdú mìnìjọ̀, kò sì jóná!

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́:
Háà! Omi tó ń jáde lára àlùbọ́sà ló ń pariwo yẹn. Tó bá ti dákẹ́, omi ti tán nìyẹn, ooru ti ráyè gòkè. Témómítà ni mo fi ń wo tèmi o, màmá fi etí wò ó láti Àgbádárìgì.

Bàbá Ìkòròdú:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi màmá bóyá etí wọn lè gbọ́ ti Denver náà.