Wọ́n gba ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ àjàkálẹ̀ àrùn tán, ọjọ́ ìdánrawò ni wọ́n dójú tì mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Alábòójútó Pàjáwìrì:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Inú ń bí mi, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Èmi ni mò ń bójú tó ìmúrasílẹ̀ pàjáwìrì fún ètò ìlera àgbègbè wa. Ogójì òṣìṣẹ́ la pè sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Gbogbo wọn gba ìwé ẹ̀rí, gbogbo wọn ya fọ́tò. Ọjọ́ ìdánrawò dé, a ní ká ṣe é bí ẹni pé onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbé fóònù. Àwọn tí mo ní kó wọ aṣọ funfun wọ aláwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo pín in fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ibi ìfọwọ́. Wọ́n á na ọwọ́ sábẹ́ omi chlorine, wọ́n á yára fà á sẹ́yìn, wọ́n á ní ó ń ta àwọn. Àgbà nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ dúró láàárín èrò, ó ní òun ò ní fọ̀ ọ́, lójú àwọn ọ̀gá tó wá wò wá! Ṣé kí n tún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe látòkè délẹ̀ ni, àbí ìjìyà ló yẹ wọ́n? Ẹ̀kọ́ wo lẹ mọ̀ tó máa ń wọ òṣìṣẹ́ létí?

Olùkọ́ Ìdánrawò:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ẹ tó náwó mìíràn, ẹ sọ fún wa: nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn, wákàtí mélòó ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́? Ẹni tó wo àwòrán bí wọ́n ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n bọ́. Ìgbà tí èèyàn bá ń bọ́ aṣọ ìdáàbòbò ló rọrùn jù láti kó àrùn, torí pé ìta aṣọ ti dọ̀tí, ara ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń kánjú. Ẹ tò wọ́n ní méjì-méjì. Kí ọ̀kan máa ka ìgbésẹ̀ sókè, kí èkejì máa ṣe é, kí ẹni tó ń kà dá a dúró níbi tó bá ti ṣì í. Ẹ fi ọ̀dà pa ìbọ̀wọ́ wọn kí wọ́n tó bọ́ ọ. Ibi tí ọ̀dà bá ti kàn wọ́n lára ni ìdọ̀tí ì bá kàn.

Ẹ sì ti fo ìpele kan. Ìdánrawò orí tábìlì ló yẹ kó ṣáájú: èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá, ìṣẹ̀lẹ̀ kan, wákàtí méjì. "Aláìsàn mẹ́ta tó ń yàgbẹ́ gbuuru wọlé láàárọ̀. Ta lẹ máa pè? Nọ́ńbà wo? Bí kò bá gbé e ńkọ́?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ì bá ti jáde, láìsí ọ̀gá kankan níjokòó.

Olùtọ́jú Ẹrù:
Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ rárá. Kọ́kọ́rọ́ méjì, lọ́wọ́ èèyàn méjì tí kì í gba ìsinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta nínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́, kí ẹni tó bá já a kọ orúkọ rẹ̀ àti àkókò. Ẹ máa pe gbogbo nọ́ńbà orí ìwé ìpè yín ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, lálẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ní aago mẹ́wàá àárọ̀ tí gbogbo èèyàn wà nídìí iṣẹ́.

Ẹrù tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ni kó kọ́kọ́ jáde, ì báà jẹ́ òun ló dé kẹ́yìn. Ẹ sì fi aláìsàn ka ẹrù, ẹ má fi páálí kà á. Àgbàlagbà tó wọn 50 kílò, tí onígbáméjì ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ gidi, nílò 100 ml Ringer's lactate (omi tí à ń fà sí aláìsàn lára) fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí mẹ́ta: lítà márùn-ún nìyẹn, kó tó kan ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí aláìsàn ń mu. Aláìsàn irú rẹ̀ mélòó ni ohun tí ẹ ní lè gbà là?

Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́:
Kò sídìí fún owó. FEMA, àjọ tó ń bójú tó pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀kọ́ IS-100 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, lórí bí àṣẹ ṣe ń lọ nígbà pàjáwìrì. OpenWHO tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 2017 náà gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jáde lórí onígbáméjì àti lórí aṣọ ìdáàbòbò. Ẹ ní kí wọ́n lọ kà á.

Olùkọ́ Ìdánrawò:
Ẹ̀rọ kò lè rí i pé èèyàn fi ìbọ̀wọ́ tó dọ̀tí kan ojú. Ìwé ẹ̀rí ni wọn ó tún kó jọ.

Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́:
Mi ò ní kó rọ́pò ọwọ́, Olùkọ́. Ẹni tó bá ka IS-100 á mọ̀ pé nǹkan bí èèyàn márùn-ún ló dára jù kí ẹnì kan máa bójú tó nígbà pàjáwìrì. Ogójì èèyàn tó ń retí ẹnu Alábòójútó nìkan, ṣé ẹ̀yin ò rí ohun tó fà á tí aṣọ fi dàrú? Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀.

Alábòójútó Pàjáwìrì:
Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, Olùkọ́! Ilé-iṣẹ́ tó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ gbé garawa wá, kálukú ló pò chlorine. Wọ́n fi àtẹ ìwọ̀n sílẹ̀, èmi fúnra mi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ṣíbí ìjẹun 20 sínú lítà 20 fún ilẹ̀, ṣíbí 2 fún ọwọ́. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ẹ̀rù iṣẹ́ ló ń bà wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Ìdènà Àkóràn:
Ẹ dúró ná. Ṣíbí 20? Ìwọ̀n ìyẹ̀fun chlorine tí agbára rẹ̀ jẹ́ 35% nìyẹn. Kí ni wọ́n kọ sára ike ìyẹ̀fun tó wà lọ́dọ̀ yín? Ṣé garawa ọwọ́ sì dá wà lọ́tọ̀?

Alábòójútó Pàjáwìrì:
70% ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n kó èyí wá lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, chlorine náà ni ṣáá. Ní ti garawa, ẹnu ẹ̀rọ èkejì ti dí, nítorí náà ti ilẹ̀ nìkan la lò fún gbogbo rẹ̀. Èyí tó lágbára ló máa pa kòkòrò jù. Ṣùgbọ́n ìwà wọn ni mo béèrè nípa rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìdènà Àkóràn:
Ìwà wọn kọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ṣíbí 20, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba nǹkan bíi gíráàmù 14, 280 gíráàmù nìyẹn. 70% rẹ̀ jẹ́ 196 gíráàmù chlorine nínú lítà 20. Ó kù díẹ̀ kó pé 1%. Ti ilẹ̀ jẹ́ 0.5%, ti ọwọ́ jẹ́ 0.05%. Nǹkan bí ìlọ́po ogún ohun tó yẹ ọwọ́ lẹ gbé síwájú wọn. Àgbà nọ́ọ̀sì yẹn mọ ohun tó ń sọ. Awọ tó bó tàbí tó sán á wá di ojú ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọlé. Ẹ wo ọwọ́ wọn lónìí. Ẹni tó bá pọ́n tàbí tó bó, kó lọ rí dókítà.

Ẹ ya àtẹ yẹn dànù. Ìṣirò tí kò ní tàn yín jẹ nìyí: ẹ fi agbára tó wà lára ike pín agbára tí ẹ fẹ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1000, iye gíráàmù fún lítà kan nìyẹn. 0.5 pín sí 70, lọ́nà 1000, jẹ́ 7.1, fún lítà 20, gíráàmù 143. Ti ọwọ́, gíráàmù 14 péré. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́, torí ṣíbí tó kún gogo àti èyí tó tẹ́jú kì í ṣe ọgbọọgba. Garawa méjì, àwọ̀ méjì, kí ẹ kọ "ILẸ̀" àti "ỌWỌ́" gàdàgbà sí wọn lára.

Ẹnu ẹ̀rọ tó dí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìyẹ̀fun ló dí i. Ẹ po ó sínú garawa mìíràn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tòrò, omi òkè ni kí ẹ dà sínú èyí tó ní ẹ̀rọ. Ojoojúmọ́ lẹ ó máa po tuntun, kí oòrùn má kàn án. Ẹ má fín in sára èèyàn láé, ẹ má sì pò ó mọ́ ásíìdì. Bí omi mímọ́ àti ọṣẹ bá wà, òun ni kí wọ́n fi fọwọ́. Ẹ fi chlorine sílẹ̀ fún ibi tí ọṣẹ kò bá sí.

Olùtọ́jú Ẹrù:
Níbo lẹ ń kó ìyẹ̀fun yẹn sí?

Alábòójútó Pàjáwìrì:
Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa. Òun àti dísù ẹ̀rọ amúnáwá jọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ní àgádágodo.

Olùtọ́jú Ẹrù:
Ẹ gbé dísù jáde lónìí, ẹ má dúró de ìpàdé. Ìyẹ̀fun 70% tó bá kan epo lè gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ìṣáná. Ike tó ní ìdérí ni kó wà, níbi gbígbẹ tó ní afẹ́fẹ́, kó jìnnà sí irin torí ó ń jẹ irin. Ẹ má fi ṣíbí tútù bọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé e, kó wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò.

Alábòójútó Pàjáwìrì:
Wọ́n ti ń gbé dísù jáde báyìí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì yẹn ì bá pè mí sí kọ̀rọ̀.

Olùkọ́ Ìdánrawò:
Rárá o. Nínú ìdánrawò, ẹni tó bá rí ewu gbọ́dọ̀ pariwo "dúró", ipò yòówù kó wà. Òun ni kí ẹ fi ṣe olórí àwọn tó ń po chlorine.

Alábòójútó Pàjáwìrì:
Wọ́n ti fún òun àti àwọn márùn-ún mìíràn ní kúẹ́rì. Ọ̀gá ló fọwọ́ sí i, kì í ṣe èmi. Kí ni kí n kọ sí wọn?

Nọ́ọ̀sì Ìdènà Àkóràn:
Ìlà mẹ́rin tó. Agbára tó wà lára ike: 70%. Agbára tí wọ́n ṣe àtẹ fún: 35%. Omi tó jáde fún ọwọ́: nǹkan bíi 1% dípò 0.05%. Kí wọ́n fagi lé kúẹ́rì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ìdánrawò tó ń bọ̀ tó wáyé. Ẹ lẹ fọ́tò ike àti fọ́tò àtẹ mọ́ lẹ́tà náà.