Báwo lèèyàn ṣe lè dá iyì padà sára bẹ́líìtì kejì tó ti di yẹ̀yẹ́?

Arójúìjà:
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn ìjàkadì, ẹ wá o. Ká ní ilé-iṣẹ́ ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n kan ní bẹ́líìtì aṣẹ́gun méjì, ti àgbà àti ti kejì. Ti kejì yìí ti pààrọ̀ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọdún kan. Ẹni tó sán an báyìí ti fẹ̀yìn balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan ṣoṣo, nínú ìjà tí kò sí bẹ́líìtì nílẹ̀. Oníjà 16 ló wà. Wákàtí méjì ni ètò wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìjà ńlá sì ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe? Ẹ má kàn ní ká gbé e fún ẹni tó lókìkí jù, ìgbésẹ̀ ni mo fẹ́.

Alábàrá:
Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ibi tí àrùn wà: àwọn ìṣubú mẹ́ta yẹn. Akọ̀tàn, ìyẹn ẹni tó ń pinnu ẹni tó máa borí, ń wá ìdí tí alátakò fi yẹ lẹ́ni tó ń du bẹ́líìtì, ó wá ní kó dá oníbẹ́líìtì lọ́jọ́ Ajé, kí oníbẹ́líìtì lè gbẹ̀san nínú ìjà ńlá lọ́jọ́ Àìkú. Ti ọjọ́ Ajé ló máa ń dúró lọ́kàn òǹwòran. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, bẹ́líìtì yẹn ti di àmì ẹni tí gbogbo èèyàn lè dá.

Kí alátakò lọ dá ẹlòmíì: ìjà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ti sán bẹ́líìtì náà rí. Oníbẹ́líìtì ní tiẹ̀ ò gbọdọ̀ fẹ̀yìn balẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ìjà eléèyàn méjì-méjì, kó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ ló máa fẹ̀yìn balẹ̀ tí rẹfirí á ka mẹ́ta lé lórí.

Ẹ wo Gunther. Ó gba Intercontinental, bẹ́líìtì kejì ní ilé-iṣẹ́ WWE ti Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ Ricochet ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ 666 ló lò kí Sami Zayn tó gbà á ní ìjà ńlá WrestleMania XL, oṣù kẹrin ọdún 2024. Ọjọ́ gígùn nìkan kọ́ ló ṣe é. Ní Cardiff, oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, òun àti Sheamus fi àbàrá na ara wọn láyà títí àyà fi pọ́n. Sheamus ló pàdánù, síbẹ̀ òun ni èrò dìde pàtẹ́wọ́ fún. Ohun tí mò ń wí nìyẹn: ẹni tó bá a jà tó ṣubú gbọ́dọ̀ níyì ju bó ṣe wọlé lọ. Bí alátakò bá kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dójú tì, ta ni yóò tún fẹ́ du bẹ́líìtì náà?

Ọ̀nà kejì wà. Honky Tonk Man di bẹ́líìtì yẹn kan náà mú fún ọjọ́ 454, ẹ̀tàn àti sísá ló fi ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ìbínú èrò pọ̀ débi pé nígbà tí Ultimate Warrior dá a láàárín nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú ní ìjà ńlá SummerSlam 1988, ńṣe ni gbọ̀ngàn hó yèè. Ọ̀nà méjèèjì dára, àmọ́ ẹ mú ọ̀kan. Ẹni tó bá sá lọ́sẹ̀ yìí tó fi agbára borí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ máa da èrò lójú rú.

Ọjọ́Ajé:
Mo gbà pẹ̀lú yín, àmọ́ ẹ fo iye ìgbà tó yẹ kó jà. John Cena gba bẹ́líìtì United States, bẹ́líìtì kejì mìíràn ní WWE, lọ́wọ́ Rusev ní WrestleMania 31, ọdún 2015, ó sì ń pe ẹnikẹ́ni níjà lórí Raw, ètò wọn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ambrose, Neville, Zayn, Cesaro, gbogbo wọn ló gba àyè gidi, kì í ṣe ìjà ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé ara Cena ni iyì náà wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Alberto Del Rio gbà á, ìpèníjà náà sì dáwọ́ dúró. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbà á ló yẹ kó dúró sí àárín agbo ìjà lọ́sẹ̀ kejì, kó pe ẹlòmíì. Iṣẹ́ ìpèníjà yẹn ni kẹ́ ẹ fi lé e lọ́wọ́, kì í ṣe irin àti awọ nìkan.

Pẹ̀lú oníjà 16, ẹ má ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ o. Láàárín oṣù mẹ́ta, alátakò á tán. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù tó: ọ̀kan nínú ètò ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú 12 sí 15, ọ̀kan nínú ìjà ńlá.

Ìgúnpá:
Ẹ fún un ní ìwà tirẹ̀ pẹ̀lú. NEVER Openweight, bẹ́líìtì kan ní ilé-iṣẹ́ New Japan ti ilẹ̀ Japan, bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Àwọn bíi Ishii àti Shibata sọ ọ́ di bẹ́líìtì àwọn tó ń fi ìgúnpá gbára wọn tí wọn ò yẹ̀. Kí agogo tó dún, òǹwòran ti mọ irú ìjà tó ń bọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kó dàgbà ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ní Wrestle Kingdom 8, ìjà ńlá New Japan, ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2014, ìbò àwọn olólùfẹ́ ló fi ìjà Nakamura àti Tanahashi lórí Intercontinental tiwọn (kì í ṣe ti WWE) kádìí ètò, tí ìjà bẹ́líìtì àgbà, ti Okada àti Naito, fi ṣáájú rẹ̀. Ó dùn mọ́ èrò, àmọ́ Naito ló jẹ ìyà rẹ̀.

Arójúìjà:
Ẹ ṣé o. Tí wọ́n bá rọ bẹ́líìtì tuntun ńkọ́?

Alábàrá:
Ìyẹn kẹ́yìn. Cody Rhodes dá awọ funfun àtijọ́ padà sára Intercontinental ti WWE ní 2011, ó rẹwà, àmọ́ àwọn tó sán an lẹ́yìn rẹ̀ ò yéé ṣubú.

Ẹ má kéde pé bẹ́líìtì ò ní olówó kẹ́ ẹ wá ṣe ìdíje. Kí ẹni tẹ́ ẹ yàn gbà á lọ́wọ́ ẹni tó sán an báyìí, láì fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, torí kò sí iyì kankan níbẹ̀ tó fẹ́ bùn ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó bá ẹni tó ti sán ti àgbà rí jà lórí bẹ́líìtì náà, ìṣẹ́jú 15, kó dá a láì rẹ́ ẹ jẹ. Kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fáwọn asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀: ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọdọ̀ pè é ní àtẹ̀gùn sí bẹ́líìtì àgbà mọ́.